Ìyá Ń Rìn Létí Odò

Ìlú Ọba,
9 Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdánìkangbé. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Nígbà tí mo pè yín ní Sátidé, ọ̀rọ̀ Màámi ni mò ń sọ, ẹ̀yin ń dá mi lóhùn lórí iye tí wọ́n ń ta gààrí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ká padà sí lẹ́tà bí ẹ ṣe pàṣẹ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù mi, ẹ ó máa kà á lórí tiyín, etí ò ní dá sí i.

Màámi wà dáadáa. Ìbùkúnolúwa ti ń jókòó, ẹ̀yìn ìyá àgbà rẹ̀ ló sì máa ń sùn lọ́sàn-án. Òtútù ló dè wọ́n mọ́lé títí wọ́n fi ń dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo ọmọ ló ní kí wọ́n máa jáde rìn díẹ̀díẹ̀. Bàbá, ẹ ò bá rí pápá etí odò tí wọ́n tún ṣe nítòsí wa! Èbúté àtijọ́ ni, ilé-iṣẹ́ irin ló yí i ká, epo dúdú ló sì ń léfòó lórí omi rẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ìdọ̀tí náà kúrò, wọ́n gbin igi àti esùsú, koríko gíga etí omi, ẹja padà, ẹyẹ náà padà. Ọ̀nà kúkúrú mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n fi òpó tí wọ́n kùn lọ́dà sàmì sí wọn: pupa, aró, yẹ́lò. Kò sí èyí tó lè sú àgbàlagbà nínú wọn. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó dà bí lékeléke tí wọ́n da eérú lé lórí, ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan títí ẹ ó fi jẹun tán. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ò tilẹ̀ sá fún èèyàn.

Wọ́n gbé pátákó ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n pe rírìn ibẹ̀ ní "Ìrìn-àjò Ìwòsàn Pẹ̀lú Ìṣẹ̀dá." Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín.

Màámi ní kí ẹ bá àwọn wá ẹni tó ń bọ̀, kí ẹ fi irú rán an. Akínlabí ọkọ mi kí yín.

Èmi ni Fọláyẹmí yín.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
14 Oṣù Ẹrẹ́nà, 2025

Fọláyẹmí ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọmọkùnrin tó sọ ẹ̀yìn ìyàwó mi di ibùsùn. Orúnkún mi ń bẹ níbi tó wà. Èmi àti ẹ̀ ti mọ ìwà ara wa.

Mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ìrìn-àjò Ìwòsàn! Níbí, bí èèyàn bá lọ sódò tó bọ̀, omi la máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í bi í bóyá ó ti sàn. Mo ka gbólóhùn náà fún Alàgbà Oyèdọ̀tun, olórí ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Lọ́ńdọ̀nù láyé ọjọ́sí tí kò tíì padà dé títí di òní. Ó ní, "Ọ̀gá tíṣà, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe máa ń ṣe é lọ́hùn-ún." Mo ní ẹ kú ìnáwó.

Ṣùgbọ́n ọmọ, àròkọ ni mo fi gbogbo ayé mi yẹ̀ wò. Bí ọmọ iléèwé bá fi odindi ojú-ewé ṣàpèjúwe ògiri, mo máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣubú lẹ́yìn ògiri náà. Lẹ́tà rẹ kún fún ẹyẹ. Pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, ọ̀dà wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ni kò sí níbẹ̀. "Wà dáadáa" nìkan lo kọ. Ohun tí àwa tíṣà máa ń kọ nípa ọmọ tí a ò dá mọ̀ nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń bèèrè rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Mo gbé e mọ́ etí tó ṣì ń gbọ́ díẹ̀. Ó ní kí n má gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kí ewúrẹ́ má baà jẹ iṣu. Mo tún un gbọ́, mo tún tún un gbọ́, bóyá etí mi ló ń purọ́. Fọláyẹmí, a ò ní ewúrẹ́. A ò ní in rí. Ìyá tirẹ̀ ló ní ewúrẹ́, ní oko wọn lẹ́yìn Ọ̀rà, kí ó tó di ìyàwó ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù ń bà mí. Irú á dé. Sọ òtítọ́ fún mi. Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fi pẹ́pẹ́yẹ tàn jẹ lọ.

Bàbá rẹ.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
19 Oṣù Ẹrẹ́nà

Fọláyẹmí,

Àmì aláró méjì ti yọ lábẹ́ lẹ́tà mi láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. O ti kà á. Ẹni tó bá ka lẹ́tà bàbá rẹ̀ tó sì panu mọ́, ohun tí ó ń dákẹ́ lé lórí ló máa ń pa bàbá náà. Ṣé ìyá rẹ ṣì ń jẹun? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ṣì wà? Dá mi lóhùn.


Ìlú Ọba,
21 Oṣù Ẹrẹ́nà

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Ẹ má bínú. Mo kọ lẹ́tà yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, mo sì pa á rẹ́.

Inú pápá yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. A ò tíì rìn níbẹ̀ pẹ́ tí Màámi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀ka igi. Bí a bá ti dé oríta báyìí, wọ́n á ya ẹ̀ka tó léwé, wọ́n á gbé e dábùú ojú ọ̀nà, wọ́n á wá òkúta lé e lórí. Ìgbà tí mo fẹ́ kó o kúrò, wọ́n gbá mi lọ́wọ́.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n ṣìnà ni?"

"Àwọn wo, Màámi?"

"Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan, àfi òyìnbó kan àti ajá rẹ̀.

Àwọn tó ń tọ́jú pápá bá mi wí. Igi kéékèèké tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ni Màámi ń ṣẹ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí Akínlabí ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó dìde dúró nínú pálọ̀, ó ní, "Ìwà tí kò nítumọ̀ ni. Ọpọlọ tó bá ti ń kú ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Mo fẹ́ bá a jà, mo wá gbé ọmọ jáde.

Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, Màámi dá jáde. Mo wá wọn títí, mo bá wọn lórí bẹ́ǹṣì létí omi, wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọ́n gbójú sókè wò mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, ìyáàfin. Ẹ ò bá mi rí ọmọ mi kan lọ́nà?"

Mo ní, "Màámi, èmi ni. Fọláyẹmí ni."

Wọ́n ní, "Rárá o. Tèmi ṣì kéré."

Bàbá, láti ọjọ́ yẹn ni àyà mi ti ń já. Akínlabí ti fi àgádágodo tuntun sí ilẹ̀kùn, òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Màámi á dúró ti ilẹ̀kùn yẹn, wọ́n á máa fi ìka kan kàn án, kó, kó, kó, bí ẹni tó dé ilé onílé. Ọjọ́ tí dókítà fún wa ṣì jìnnà. Mò ń bẹ̀rù omi, mo sì ń bẹ̀rù àgádágodo. Ṣé ẹ rí irú rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ yín? Kí ni ká ṣe? Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Fọláyẹmí.


Ìlú Ọba, inú pápá,
27 Oṣù Ẹrẹ́nà, ìrọ̀lẹ́

Bàbá,

Àmì kan ṣoṣo ló wà lábẹ́ lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Mi ò mọ̀ bóyá èyí náà máa dé. Mo ṣáà ń kọ ọ́ ni.

Màámi ti lọ. Akínlabí gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn láàárọ̀. Kóòtù wọn ṣì wà lórí ìkọ́, òtútù ibí yìí sì ń gé èèyàn bí abẹ.

A ti wá gbogbo àdúgbò. Ní oríta àkọ́kọ́ nínú pápá, ẹ̀ka igi tútù wà lójú ọ̀nà pupa, òkúta wà lórí rẹ̀. Nítorí náà a mọ̀ pé ibẹ̀ ni Màámi gbà. Bàbá, ọ̀nà pupa ò lọ síbì kankan. Etí omi ló parí sí, níbi tí pákó èbúté àtijọ́ ti jẹrà. Mo fi èyí han àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì pe ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin méjì ń wọ aṣọ ìmùwẹ̀. Àwọn kan ń ti ọ̀pá gígùn bọ inú esùsú, wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnì kan bi mí pé irú aṣọ wo ni Màámi wọ̀. Mi ò rántí. Ọmọ wọn ni mí, mi ò rántí.

Oòrùn ti ń wọ̀. Ẹ gbàdúrà.


Ọ̀tan Ayégbajú,
27 Oṣù Ẹrẹ́nà

FỌLÁYẸMÍ, Ẹ KÚRÒ LÉTÍ OMI!

Ọ̀nà tó ní ewé ni kò gbà. Ṣé o gbọ́? Kò gbà á! Ewé ń sọ pé ẹ má gba ibẹ̀ ni. Ẹni tó bá ṣíwájú lọ́nà oko ló máa ń já ewé tútù dí ọ̀nà tí òun ò gbà, kí ẹni ẹ̀yìn má ṣìnà. Ìlú la ti tọ́ ọ, ọkọ̀ ló ń gbé ọ lọ síléèwé, kò sẹ́ni tó fi hàn ọ́.

Padà sí oríta. Gba ọ̀nà tí kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Bí o bá tún dé oríta mìíràn, ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Fọwọ́ kan ewé kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ti rọ, ti ọjọ́ mìíràn ni, má ka ìyẹn sí. Mú ọlọ́pàá dání. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ìwọ sáré.

Màsìtì fóònù Ìlá ló kú láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Àìgbóhùn rẹ ló lé mi jáde, Àsíìsì ọlọ́kadà ló gbé mi dé Ọ̀tan, àfi bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò mi, tí lẹ́tà méjèèjì wọlé pa pọ̀. Mi ò kúrò níhìn-ín. Sáré!


Ọ̀tan Ayégbajú, ilẹ̀ ti ṣú

Fọláyẹmí,

Àmì aláró ti yọ. O ti kà á. Kí ni ẹ rí?

Àsíìsì ní ká máa lọ, ọ̀nà ò dára lálẹ́. Mo sọ fún un pé bí mo bá padà sí Ìlá, inú òkùnkùn àti etí dídi ni mo padà sí. Ó wò mí, ó pa iná ọ̀kadà rẹ̀, ó ra búrẹ́dì wá. "Bàbá, ẹ fi nǹkan sẹ́nu." Búrẹ́dì náà wà lọ́wọ́ mi títí di ìsinsìnyí.

Mo ti bínú sí ọ, mo ti bínú sí ọkọ rẹ àti àgádágodo rẹ̀, mo ti bínú sí ẹni tó tún odò ṣe tí kò fi ọgbà yí i ká. Ó ti tán. Ẹ̀rù nìkan ló kù. Bó jẹ́ ibi ni, kọ ọ́. Bó jẹ́ ire ni, kọ ọ́. Tẹ lẹ́tà kan ṣoṣo lásán.


Ìlú Ọba,
28 Oṣù Ẹrẹ́nà

Bàbá mi,

Ẹ ti rí "WỌ́N WÀ LÁÀYÈ" tí mo tẹ̀ lálẹ́ àná. Ọwọ́ mi ò gbé ju ìyẹn lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá kọ ọ́ tán.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo pariwo. Gbogbo èèyàn yíjú. Mo sọ fún ọlọ́pàá obìnrin kan pé ibi tí ewé wà kọ́, pé bàbá mi ní ibi tí ewé ò sí ni. Mo rò pé ó máa bi mí bóyá orí mi pé. Ó kàn ní, "Níbo?" A sáré padà sí oríta. Ọ̀nà aró mọ́ nigínnigín, kò sí nǹkan lójú rẹ̀. A gbà á. Níbi tí ọ̀nà aró ti parí, ewé wà lójú ọ̀nà yẹ́lò, mo fọwọ́ kàn án, oje rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi níka. A fi ìyẹn sílẹ̀. Ó wá ku ipa ẹsẹ̀ tóóró kan tí kò ní òpó, tó wọ inú esùsú lọ. Ìparí rẹ̀ ni ilé pákó kékeré kan wà, tí àwọn tó ń wo ẹyẹ máa ń sá pamọ́ sí. Ó ṣókùnkùn, òrùlé rẹ̀ lọ sílẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀. Ahéré oko ni, Bàbá. Ẹni tó bá ti dàgbà lóko, kí ni ì bá tún pè é?

Màámi wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀ka igi gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Wọn ò wọ bàtà, ètè wọn ti di àwọ̀ eérú. Wọ́n gbójú sókè.

"Fọláyẹmí, kí ló mú ọ pẹ́ tó báyìí? Ṣé o ò rí ewé ni?"

Mo wólẹ̀ sẹ́sẹ̀ wọn. Mo ní, "Mo rí i, Màámi. Mi ò mọ̀ ọ́n kà ni."

"Ọmọ tíṣà!" Wọ́n pòṣé.

Inú mi dùn débi pé mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí ọsibítù, wọ́n di èmi àti ọlọ́pàá yẹn lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ìyáàfin méjèèjì. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú ọmọ tiyín."

Ara wọn ti ń móoru báyìí. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní àìsàn ìgbàgbé ni, ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ní padà sẹ́yìn. Àwọn oògùn kan wà tó lè jẹ́ kó rọra. Akínlabí sunkún ní kọ́rídọ̀ ọsibítù bí ọmọdé. Ó ní kí ẹ foríjì òun. Fúnra rẹ̀ ló tú àgádágodo náà lónìí.

Ẹ̀rù tuntun ni mò ń kó bá yín yìí. Láàárọ̀, Màámi bi mí pé ìgbà wo ni àwọn ń lọ sílé. Bí mo bá dá wọn dúró, odò wà níbí, èmi sì ń lọ síbi iṣẹ́. Bí mo bá gbé wọn wá, ta ló máa ṣọ́ wọn? Ẹ̀yin náà ti dàgbà. Tí wọ́n bá jáde lálẹ́, etí yín ò ní gbọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ bá mi yàn, mi ò lè dá a yàn.

Fọláyẹmí.


Ìlá-Ọ̀ràngún,
2 Oṣù Igbe, 2025

Fọláyẹmí ọmọ mi,

Màsìtì Ìlá ti jí padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó dá ẹ̀mí sí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá obìnrin yẹn tó ní "Níbo?" Bá mi kí i gan-an. Sọ fún Akínlabí pé mo ti foríjì í. Sọ fún un pẹ̀lú pé kó má tètè máa pe ohun tí kò bá yé e ní ohun tí kò nítumọ̀. Ẹni tó bá jókòó síwájú kíláàsì pẹ́ a máa kọ́ ìyẹn.

Alàgbà Oyèdọ̀tun ti gbọ́. Ó gbé òróró wá, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Mo fún un ní àga. Ó gbàdúrà títí ojú oòrùn fi yí padà, ó ṣàlàyé àìsàn náà fún Ọlọ́run látòkè délẹ̀. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í yan àmín.

Gbé e wá sílé. Mo ti rò ó, mo tún un rò. Níbí, bó bá jáde, kò ní rìn ju ilé mẹ́ta lọ kí ẹnì kan tó pe orúkọ rẹ̀. Ìyàwó Àsíìsì ń wá yàrá, mo ti fún un ní èyí tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, etí òun sì ń gbọ́ bí eku bá rìn. Ìyẹn ò ní wò ó sàn. Mo mọ̀. Mi ò ní máa fi pẹ́pẹ́yẹ tan ara mi jẹ.

Kí o tẹ̀ lé e wá, má jẹ́ kó dá wọ bàálù.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ nìkan ló kù tí mo fẹ́ sọ. Òun ni ìgbà tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé. Mi ò ń sùn nítorí rẹ̀. Bí ó bá pè mí ní Bàbá Fọláyẹmí, ó parí. Bí ó bá sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí onílé tí èèyàn ò mọ̀ rí, má sunkún lójú rẹ̀, má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé mi fún un. Jẹ́ kí n fẹnu ara mi ṣe é.

Mo ti ṣe é rí. Ìgbà tí ìjọba gbé mi lọ sí Ọ̀rà, tíṣà gbẹrẹfu ni mí, ṣòkòtò kan, táì kan. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó ń ti oko bọ̀. Mo tún táì ṣe, mo ní, "Orúkọ mi ni Adéníyì. Èmi ni tíṣà tuntun." Kò tilẹ̀ wo táì. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ṣé tíṣà lè ru iṣu?"

Mo rù ú dé ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Ọrùn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan.

Sọ ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀ fún mi. Ìta ni màá dúró sí.

Adéníyì,
bàbá rẹ.